Kẹ̀kẹ́ Tí Yóò Gba Ọ̀dà, Tí Yóò Gba Yangí

Nínú gbogbo ẹrù tí ọkọ̀ ojú omi kó wá sí ilẹ̀ wa láti ìlú òyìnbó, ṣàṣà ni èyí tí ó sìn wá tọkàntọkàn bí kẹ̀kẹ́ ológeere, ẹṣin irin tí kì í jẹ koríko, arìnnà-má-bèèrè-epo, èyí tí ó gbé olùkọ́ dé iléèwé abúlé, tí ó gbé ajíhìnrere dé ibi tí mọ́tò kò dé, tí ó sì gbé àgbẹ̀ pẹ̀lú àpò kòkó rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ oníwọ̀n. Nítorí èyí ni inú mi ṣe ń dùn nígbà tí mo bá rí àwọn ọ̀dọ́ wa, lọ́kùnrin lóbìnrin, tí wọ́n tún ń gun kẹ̀kẹ́ kiri ìgboro Ìbàdàn àti Èkó láàárọ̀ Sátidé. Ohun tí kò sì jẹ́ kí ìdùnnú náà kún ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ló gun kẹ̀kẹ́ eléré-ìje tí táyà rẹ̀ kò fẹ̀ ju mílímítà 23 tàbí 25 lọ, tí ó fi jẹ́ pé ibi tí ọ̀dà bá parí sí ni ìrìn àjò tiwọn náà ń parí sí.

Bẹ́ẹ̀ ni ibi tí ọ̀dà parí sí gan-an ni ilẹ̀ Yorùbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún wò. Ẹni tí ó bá jáde ní Ìsẹ́yìn, ọmọ Ẹbẹ̀dí, tí ó yà kúrò ní títì ńlá, tí ó forí lé ọ̀nà oko, kò ní pẹ́ tí yóò fi bá yangí pàdé, ilẹ̀ pupa tí ọkọ̀ akẹ́rù ti tẹ̀ tí ó fi di gbágungbàgun, tí ó ń di eruku nígbà ọyẹ́, tí ó sì ń di ẹrẹ̀ tí í lẹ̀ mọ́ ohun gbogbo nígbà òjò; kódà lórí títì tí ìjọba da ọ̀dà sí, ihò wà lọ́tùn-ún, ihò wà lósì. Àwọn baba wa wí pé ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀nà ni ó yẹ kí a wò kí a tó ra kẹ̀kẹ́, kí a sì fi àwòrán akọni tí ó gba ipò kìíní lórí títì dídán ilẹ̀ Faransé sílẹ̀ fún ẹni tí ó ni ín.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé mi dì mú nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí: táyà ni kí ẹ kọ́kọ́ yàn, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá egungun kẹ̀kẹ́ tí yóò gbà á. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. A lè pààrọ̀ ìjókòó, a lè pààrọ̀ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, a lè pààrọ̀ jíà àti ṣéènì, ṣùgbọ́n àlàfo tí ẹni tí ó ṣe kẹ̀kẹ́ fi sílẹ̀ láàárín apá méjèèjì fọ́ọ̀kì kò ṣeé fẹ̀ mọ́. Táyà tí ó fẹ̀ tó mílímítà 40 sí 45 ni mo fọwọ́ sí fún ọ̀nà tí ọ̀dà àti yangí jọ wà nínú rẹ̀, kí àlàfo mílímítà 6, ó kéré tán, sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, nítorí ẹrẹ̀ àti nítorí ọjọ́ tí ríìmù bá wọ́.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà gbọ́ pé táyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fẹ́ afẹ́fẹ́ sí títí tí ó fi le gan ni ó ń sáré, ó sì rọrùn láti rí ohun tí ó fà á, nítorí pé gbígbọ̀n tí irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ ń gbọ̀n a máa jọ eré lára ẹni tí ó gùn ún. Kì í ṣe eré rárá. Bí táyà líle bá kọ lu òkúta, àti kẹ̀kẹ́ àti ẹni tí ó gùn ún ni yóò ta sókè, agbára tí ẹsẹ̀ ìbá fi ti kẹ̀kẹ́ síwájú yóò sì ṣòfò sínú apá, ẹ̀yìn àti ìbàdí. Ṣùgbọ́n táyà tí ó fẹ̀, tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ mọ níwọ̀n, yóò gbé òkúta náà mì, kẹ̀kẹ́ yóò sì máa lọ geere. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ẹni tí ó bá wọn kílógíráàmù 75 kò nílò ju nǹkan bí 40 lórí géèjì fọkanáísà fún táyà mílímítà 42, kí ti ẹ̀yìn fi díẹ̀ ju ti iwájú lọ, èyí tí kò jìnnà sí ohun tí à ń fún táyà mọ́tò kékeré. Ẹ dúró ti fọkanáísà, kí ẹ wo géèjì náà fúnra yín. Túùbù tí imú rẹ̀ bá ti mọ́tò mu ni kí ẹ sì rà, nítorí èyí tí imú rẹ̀ tín-ín-rín kò ṣeé gbá mú fún ẹ̀rọ tí ó wà lẹ́bàá ọ̀nà wa.

Ẹ wo ẹ̀rí táyà fífẹ̀ yìí: ní ìlú Emporia, ní ìpínlẹ̀ Kansas ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 2006 ni eré-ìje kan ti bẹ̀rẹ̀, 200 máìlì, lórí ọ̀nà òkúta wẹ́wẹ́ àwọn òkè Flint Hills, èyí tí à ń pè ní Unbound Gravel nísinsìnyí. Òkúta ibẹ̀ mú débi pé ó ń la táyà. Àwọn tí ń sá eré náà ti gbà pé táyà tí ó tó mílímítà 40, àní tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni ó yẹ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ayé sì ń kí wọn kú àrà titun. Bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àrà titun: kẹ̀kẹ́ Raleigh tí àwọn baba wa rà, èyí tí a ṣe ní Nottingham, táyà íǹṣì 28 sí íǹṣì 1½ ni ó ń lò, èyí tí ó fẹ̀ tó mílímítà 38 sí 40. Sípóòkì 32 ni ó wà ní ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀, 40 lẹ́yìn. Irin ni egungun rẹ̀, fọ́ọ̀kì rẹ̀ sì tẹ̀ síwájú kí ó lè gba gbígbọ̀n ọ̀nà mọ́ra. Àwọn tí ó ṣe é mọ irú ọ̀nà tí yóò rìn.

Èmi kò wí pé kí a padà sí kẹ̀kẹ́ àwọn baba wa láìyọ nǹkan kan kúrò. Jíà ẹyọ kan ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ní, bí àpẹẹrẹ eyín 46 níwájú, 18 lẹ́yìn, tí yíyí ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan fi ń gbé kẹ̀kẹ́ lọ ju mítà 5 àbọ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ̀ kalẹ̀ tì í bí wọ́n bá dé ẹsẹ̀ òkè. Lórí yangí, níbi tí táyà ẹ̀yìn ti ń yọ̀ bí a bá dìde dúró lórí pẹ́dà, jíà tí eyín iwájú àti ti ẹ̀yìn rẹ̀ bá dọ́gba, 28 sí 28 tàbí 34 sí 34, ni ó ń jẹ́ kí ènìyàn jókòó jẹ́ẹ́ kí ó máa gun òkè lọ, nǹkan bí mítà 2 fún yíyí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tijú rẹ̀. Henri Desgrange, tí ó dá Tour de France sílẹ̀ ní 1903, ka jíà tí a lè pààrọ̀ lórí ìrìn sí ohun tí ó yẹ àgbàlagbà, kò sì sí àyè fún un lára kẹ̀kẹ́ àwọn ẹgbẹ́ ńlá títí di 1937. Lónìí, kò sí ẹnì kan nínú eré náà tí ó ń gun òkè láìsí i.

Níbo wá ni a ti lè rí kẹ̀kẹ́ tí ó gba táyà fífẹ̀, tí ó ní jíà kékeré, tí owó rẹ̀ kò sì ní fọ́ àpò ẹni? Ìdájọ́ mi ni pé ó wà nílẹ̀ ní ọjà kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò wò ó: kẹ̀kẹ́ òkè onírin ti nǹkan bí 1985 sí 1995, tí fọ́ọ̀kì rẹ̀ kò ní ṣọ́ọ̀kì, tí ó ń lo táyà íǹṣì 26. Nítorí pé ọ̀dà ara rẹ̀ ti ṣí, àwọn ènìyàn ń fò ó dá, wọ́n ń lọ bá èyí tí ó ní ṣọ́ọ̀kì níwájú àti lẹ́yìn, tí ó wúwo, tí rọ́bà inú rẹ̀ ti kú. Ẹ gbé onírin yẹn, kí ẹ fi táyà 26 sí 1.75 sí i, èyí tí ojú rẹ̀ dán láàárín tí ó sì ní eyín díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí irin bá ṣẹ́ ní Òkèhò, jórinjórin yóò jó o pọ̀ kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Bí kábọ̀nù bá ṣẹ́ níbẹ̀, ẹsẹ̀ ni a ó fi rìn délé. Ti bíréèkì kò gùn: ríìmù alumíníọ́ọ̀mù sàn ju ti irin dídán lọ, nítorí bíréèkì kì í di ti irin mú dáadáa bí omi bá ti kàn án.

Ọbẹ̀ tí ó dùn, owó ló pa á. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ni kí ẹ náwó sí jù, ríìmù tí ó le pẹ̀lú sípóòkì 36, kí ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà atúnkẹ̀kẹ́ṣe tí ó ṣẹ́kù nínú ìlú wa, àwọn ọmọ Ògún Lákáayé, tí wọ́n ń fi ìka ta sípóòkì kọ̀ọ̀kan kí etí wọn lè mọ èyí tí ó dẹ̀. Ẹ má ṣe yọ owó wọn, ẹ sì mú ọmọ lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn nígbà tí wọ́n ṣì wà.

Ẹni tí ó bá ń lọ sí ọjà kẹ̀kẹ́ ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ó mú rúlà dání. Kí ó fi wọn àárín fọ́ọ̀kì àti àárín apá ẹ̀yìn níbi tí táyà yóò gbà kọjá. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì kò bá tó mílímítà 52, kí ó fi kẹ̀kẹ́ náà sílẹ̀ fún ẹni tí ń tà á, bí ó ti wù kí ara rẹ̀ máa dán tó.