Ta ló máa di kámẹ́rà náà mú?

Tí wọ́n bá ti dárúkọ róbọ́ọ̀tì tó ń bá dókítà ṣiṣẹ́ abẹ, ẹ̀rọ ńlá da Vinci ló máa ń wá sí wa lọ́kàn. Ní Houston, tí kò jìnnà sí Katy tí mò ń gbé, kò ṣàjèjì mọ́. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ lè lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là. Lójú tèmi, òun kọ́ ló yẹ ká kọ́kọ́ máa lé fún àwọn ilé ìwòsàn wa nílé.

Ẹ wo iṣẹ́ abẹ oníhò kékeré, èyí tí wọ́n ń pè ní laparoscopy. Dókítà á lu ihò bíi mẹ́ta sí ikùn, á fi gáàsì fẹ ikùn náà, á wá ti kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú rẹ̀. Ojú tẹlifíṣọ̀n ló ti ń rí ohun tó ń gé. Àwọn dókítà OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀ ń ṣe é. Ẹlòmíì ló sì máa ń di kámẹ́rà mú. Tí iṣẹ́ bá pẹ́, apá á máa ro onítọ̀hún, ọwọ́ á máa gbọ̀n, àwòrán náà á sì máa gbọ̀n.

Apá róbọ́ọ̀tì kékeré lè gba iṣẹ́ yẹn ṣe. Kì í ṣe nǹkan tuntun rárá. Computer Motion ní California ló ṣe AESOP, Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i ní 1994. Nígbà tó yá, dókítà lè fi ohùn pàṣẹ fún un. Ní 2003, ilé iṣẹ́ náà dà pọ̀ mọ́ Intuitive tó ni da Vinci, bí AESOP ṣe kógbá sílé nìyẹn.

Ká ní èmi ni mo máa kọ sọfitíwíà rẹ̀ fún Nàìjíríà, mi ò ní fi ti ohùn ṣe. Fóònù mi ṣì ń ṣi orúkọ mi gbọ́! Pẹ́dà ẹsẹ̀ ti tó. Ìṣirò rẹ̀ náà kò le jù: tí ẹ bá ti ìdí kámẹ́rà sí ọ̀tún, orí rẹ̀ nínú ikùn á yí sí òsì, torí ihò yẹn ló fi ṣe òpó. Iná ló le. Tí NEPA bá mú un lọ, apá náà gbọ́dọ̀ dúró gbọn-in níbi tó wà, kí nọ́ọ̀sì sì lè fi ọwọ́ lásán yọ ọ́.

Àwọn kan á ní dídi kámẹ́rà mú ni dókítà kékeré fi ń kọ́ṣẹ́. Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa dì í mú nígbà tí wọ́n bá wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ti jápa, èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí náà jápa, n ò lè bá wọn wí. Aláìsàn tó wà lórí tábìlì kò lè dúró dè wá.

Ifẹ̀ kan náà ni ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ OAU àti ilé ìwòsàn yẹn wà. Ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì jókòó sọ̀rọ̀. Ẹ pe àwa tá a wà lókè òkun náà sí i. A ó dáhùn.