Sátẹ́láìtì Kò Sọ Òpó Etí Odò Di Ohun Àtijọ́

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022 ni Amẹ́ríkà àti Faransé fi sátẹ́láìtì SWOT ránṣẹ́ sí òfuurufú. Ó ń ta ìtànṣán rédà sí ojú omi, eríàlì rẹ̀ méjì sì ń gbà á padà láti fi mọ bí omi ṣe ga tó. Ìrànlọ́wọ́ ńlá ni èyí fún Odò Ọya.

Ṣùgbọ́n odò tí ó fẹ̀ ju 100 mítà lọ ni wọ́n ṣe é fún, ọjọ́ 21 ni ó sì fi ń parí ìyípo rẹ̀. Ògùnpa kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Òjò ọjọ́ kan péré ni ó mú un kún àkúnya ní oṣù Kẹjọ ọdún 1980, tí ọ̀pọ̀ ẹ̀mí fi ṣòfò ní Ìbàdàn.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ó yẹ kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ri òpó tí a fàlà sí mọ́ etí odò àdúgbò wọn, kí wọ́n máa kà á lójoojúmọ́ nígbà òjò, kí wọ́n sì fi èdè Yorùbá kéde ohun tí wọ́n bá rí. Ìkìlọ̀ tí ó bá yé ará àdúgbò ni ó lè gba ẹ̀mí là.