Bí owó ẹyọ bá gbè yín, ẹ má sáré gba bọ́ọ̀lù

Ní alẹ́ ọjọ́ 11, oṣù Kejì, ọdún 2024, ikọ̀ San Francisco 49ers àti Kansas City Chiefs gbá ọ̀mì 19 sí 19 nínú ìdíje Super Bowl tó wáyé ní Las Vegas. Ọ̀rọ̀ di àfikún àkókò. Rẹfirí ju owó ẹyọ sókè, ó gbè àwọn 49ers, wọ́n sì ní àwọn ni yóò kọ́kọ́ gba bọ́ọ̀lù. Àmì mẹ́ta péré ni wọ́n rí mú bọ̀. Nígbà tó kan àwọn Chiefs, wọ́n gbé bọ́ọ̀lù náà dé òpin pápá, àmì mẹ́fà wọlé, eré sì parí sí 25 sí 22.

Láti alẹ́ ọjọ́ náà ni èmi àti bàbá mi ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní àwọn kò rí ohun tí àwọn 49ers ṣe tó burú. "Ta ni wọ́n gbé oúnjẹ ka iwájú rẹ̀ tó máa ní kí ará ilé kejì kọ́kọ́ jẹ?" Bí wọ́n ṣe máa ń bi mí nìyẹn. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ àwọn òbí wa tó ń wo eré yìí ní Houston, Maryland àti Chicago ló ń ronú bíi tiwọn. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, èrò tèmi yàtọ̀. Ikọ̀ tí owó ẹyọ bá gbè, kó jẹ́ kí ẹnìkejì kọ́kọ́ gba bọ́ọ̀lù. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn ní ìbẹ̀rẹ̀ eré, bẹ́ẹ̀ náà ló sì yẹ kó rí ní àfikún àkókò lábẹ́ òfin tó wà nílẹ̀ báyìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ náà yé ara wa, nítorí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ láti kékeré. Nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ẹni tó kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù lè pàdánù rẹ̀ kí a tó ṣẹ́jú. Ti Amẹ́ríkà kò rí bẹ́ẹ̀. Ikọ̀ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ànfààní ẹ̀ẹ̀mẹrin láti fi yáàdì 10 sún síwájú. Bí wọ́n bá ṣe é, wọ́n tún ní ẹ̀ẹ̀mẹrin mìíràn. Wọ́n lè fi ìṣẹ́jú mẹ́fà tàbí méje di bọ́ọ̀lù náà mú, kí alátakò máa wò wọ́n.

Ikọ̀ tó bá jàre owó ẹyọ ní ìbẹ̀rẹ̀ eré lè ṣe ọ̀kan nínú nǹkan mẹ́rin: kó gba bọ́ọ̀lù, kó gbá a fún ẹnìkejì, kó yan apá pápá tí yóò dáàbò bò, tàbí kó fi yíyàn rẹ̀ pamọ́ di abala kejì. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni wọ́n ń pè ní defer. Àwọn yunifásítì ti ń lò ó kí NFL tó gbà á wọlé ní ọdún 2008.

Ohun tí bàbá mi kò kà sí ni pé oúnjẹ náà kò bọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá gba bọ́ọ̀lù ní ìbẹ̀rẹ̀ abala kìíní, ẹnìkejì rẹ̀ ni yóò gbà á ní ìbẹ̀rẹ̀ abala kejì. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló kan oníkálukú. Ìbéèrè tó kù ni ìgbà tí ẹ fẹ́ gba tiyín. Àwọn àgbà sì ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ eré, òdo sí òdo ni, kò sẹ́ni tó tíì mọ ohun tí alátakò mú wá. Lẹ́yìn ìsinmi, akọ́nimọ̀ọ́gbá ti rí ibi tí ìdènà wọn ti ṣí sílẹ̀, ó sì ti mọ̀ bóyá òun ló wà níwájú tàbí òun ló ń lé wọn. Bí ikọ̀ rẹ̀ bá tún rí àmì mú bí abala kìíní ṣe ń parí lọ, tí wọ́n sì gba bọ́ọ̀lù bí abala kejì ṣe ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n lè rí àmì lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra kí alátakò tó tún fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù. Bill Belichick jẹ èrè èyí dáadáa ní gbogbo ọdún tó lò ní New England.

Àwọn kan máa ń sọ pé ẹni tó bá kọ́kọ́ rí àmì ló ń pa èrò ìwòran alátakò lẹ́nu mọ́. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ariwo ìbẹ̀rẹ̀ eré kì í pẹ́ rọlẹ̀, ikọ̀ tó bá sì mọ̀ ọ́n gbá ní aago kan yóò ṣì mọ̀ ọ́n gbá ní aago méjì. Atẹ́gùn líle tàbí òjò nìkan ni mo gbà pé ó lè yí ọ̀rọ̀ padà.

Ewu tó wà níbẹ̀ gan-an, ẹnu ló wà. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama níbí, èmi ni mò ń kọ ìròyìn eré ìdárayá fún ìwé ìròyìn wa. Lọ́jọ́ kan, balógun ikọ̀ wa, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, jàre owó ẹyọ. Akọ́nimọ̀ọ́gbá ti sọ fún un pé àwọn fẹ́ fi ìdènà bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà bá sọ fún rẹfirí pé, "A fẹ́ gbá a." Ó rò pé ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù ti lo yíyàn rẹ̀ tán nìyẹn. Bí abala kejì bá dé, ẹnìkejì ló ni yíyàn, bọ́ọ̀lù ni yóò sì tún gbà. Wọ́n gba bọ́ọ̀lù ní ìbẹ̀rẹ̀ abala méjèèjì, wọ́n sì fi àmì mẹ́ta borí wa. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi ń fi ọmọ náà ṣe yẹ̀yẹ́ níbi tí a ti ń jẹun. Kò sẹ́ni tó bi akọ́nimọ̀ọ́gbá pé kí ló dé tí kò fi ọ̀rọ̀ tó yẹ sí i lẹ́nu.

Kì í ṣe ọmọdé nìkan ló ń ṣẹlẹ̀ sí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, Dak Prescott ti Dallas Cowboys dárúkọ gbígbá, ó sì tún dárúkọ defer, lójú owó ẹyọ kan náà. Gbígbá ni rẹfirí kọ sílẹ̀. Ìgbà tí wọ́n tẹ́tí sí ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ni wọ́n tó dá ẹ̀tọ́ àwọn Cowboys padà fún wọn ní ìsinmi. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama kò ní ẹni tí yóò bá a tẹ́tí sí ohùn.

Ní ti àfikún àkókò, òfin ti yí padà lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó bọ́gbọ́n mu lánàá sì lè di àṣìṣe lónìí. Nígbà kan rí, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí àmì, bó ti wù kó kéré tó, ló borí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2002, akọ́nimọ̀ọ́gbá Detroit Lions, Marty Mornhinweg, jàre owó ẹyọ, ó sì ní kí wọ́n yan apá tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá. Chicago Bears gba bọ́ọ̀lù, wọ́n rí àmì mẹ́ta, eré parí sí 20 sí 17. Lábẹ́ òfin ọjọ́ náà, bàbá mi ló jàre.

Láti ọdún 2010, àmì mẹ́ta nìkan kò lè parí eré lójú ẹsẹ̀ mọ́ nínú ìdíje ìparí sáà, ṣùgbọ́n àmì mẹ́fà ń parí rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n mú òfin náà wọ gbogbo eré. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2015, Matthew Slater jàre owó ẹyọ fún New England, ó ní àwọn yóò gbá bọ́ọ̀lù, New York Jets gbà á, wọ́n sì fi àmì mẹ́fà parí eré. Ní oṣù Kejì ọdún 2017, nínú Super Bowl, Slater yìí kan náà jàre owó ẹyọ, wọ́n gba bọ́ọ̀lù lọ́tẹ̀ yìí, Atlanta kò sì fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù mọ́. Nínú eré àfikún àkókò 12 tó wáyé nínú ìdíje ìparí sáà lábẹ́ òfin yẹn, ẹni tí owó ẹyọ gbè ló borí nínú 10. Nígbà tí Buffalo Bills pàdánù 42 sí 36 ní oṣù Kìíní ọdún 2022 láìfọwọ́ kan bọ́ọ̀lù ní àfikún àkókò, NFL yí òfin padà: ikọ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ ní bọ́ọ̀lù. Ìdíje ìparí sáà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ní ọdún 2025 ó kan gbogbo eré.

Òfin tuntun yìí ló sọ ẹni tó ṣe ìkejì di ọlọ́lá, nítorí ó ti mọ iye tó ń wá. Ẹ wo Las Vegas. Àwọn 49ers dé yáàdì 9 sí òpin pápá, yáàdì mẹ́rin ló kù, ẹ̀ẹ̀kan ló kù fún wọn. Wọ́n mú àmì mẹ́ta. Ṣé mẹ́ta tó? Wọn kò lè mọ̀. Nígbà tó kan àwọn Chiefs, wọ́n wà ní yáàdì 34 tiwọn, ẹ̀ẹ̀kan ló kù, yáàdì kan ló kù. Lọ́jọ́ mìíràn, irú ibẹ̀ ni ikọ̀ ti ń gbá bọ́ọ̀lù dànù. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbá a dànù lálẹ́ ọjọ́ náà, ife ti lọ nìyẹn. Patrick Mahomes sáré gbé e ní yáàdì mẹ́jọ.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá 49ers, Kyle Shanahan, ní ìdí tiẹ̀. Ó ní àwọn fẹ́ ní bọ́ọ̀lù nígbà kẹta, bí àmì bá dọ́gba lẹ́yìn ìgbà méjì, nítorí àmì tó bá tẹ̀lé e ló ń parí eré. Àwọn adènà rẹ̀ náà ti rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe ìkejì ló lè pinnu bóyá ìgbà kẹta yóò wáyé. Bí àwọn méjèèjì bá rí àmì méje, yóò wáyé, ṣùgbọ́n ìkejì lè kọ àmì kan tó rọrùn, kó gbìyànjú fún méjì, kí ó di mẹ́jọ. Chris Jones ti Chiefs sọ lẹ́yìn eré pé ohun tí àwọn ti pinnu láti ṣe nìyẹn. Nínú eré yunifásítì, níbi tí ikọ̀ méjèèjì ti máa ń ní bọ́ọ̀lù tipẹ́, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí akọ́nimọ̀ọ́gbá tí kì í yan ìdènà lákọ̀ọ́kọ́. Ìkìlọ̀ kan ni mo ní: nínú eré sáà NFL tí kì í ṣe ti ìparí, ìṣẹ́jú 10 péré ni àfikún àkókò, ẹni tó kọ́kọ́ gba bọ́ọ̀lù sì lè jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù nípa alẹ́ ọjọ́ náà ni pé àwọn kan nínú agbábọ́ọ̀lù 49ers sọ lẹ́yìn eré pé àwọn kò mọ̀ pé òfin ti yí padà. Àwọn Chiefs ti ń kọ́ ara wọn ní tiwọn. Owó ẹyọ kò mọ ẹnì kankan, ṣùgbọ́n ìmọ̀ mọ ẹni tó wá a.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Ẹ wo orúkọ tó wà lẹ́yìn aṣọ nínú NFL, ẹ ó rí Ogunbowale, Odeyingbo àti Fashanu. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa mìíràn ló ń gbá a ní ilé ẹ̀kọ́ ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọ̀kan nínú wọn sì lè jẹ́ balógun tí wọ́n máa rán lọ síwájú rẹfirí. Kó tó jáde nílé, ẹ bi í pé: "Bí owó ẹyọ bá gbè yín, kí lo máa sọ?" Bó bá ní "A fẹ́ gbá a," ẹ dá a dúró díẹ̀.