Àdéhùn Kírìjí: Ìlàjà láìsí Ìjíhìn



Òwe kan wà tí a máa ń pa nígbàkúùgbà tí ẹni méjì bá ń jà: "A kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́." Ohun tí à ń fi í sọ ni pé ìlàjà sàn ju ìdájọ́ lọ. Ẹ kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ àyálò láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kóòtù. Bí a ṣe ń pa òwe náà lónìí, kò lè dàgbà ju ìjọba àwọn òyìnbó lọ. Láàfin àti lábẹ́ igi odán àwọn baba wa, ìdájọ́ àti ìlàjà kì í ya ara wọn. Olúkúlùkù a ro ẹjọ́ tirẹ̀, àwọn àgbà a bi í léèrè, ẹni tí ó bá jẹ̀bi a tọrọ àforíjì, kí wọ́n tó parí ìjà. Ojú yìí ni mo fi ń wo àdéhùn tí a fi parí Ogun Kírìjí, èrò mi sì lè má dùn mọ́ gbogbo ọmọ Èkìtì nínú.

Ní 1878 ni Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn nítorí ìnilára. Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà parapọ̀, Ògèdèǹgbé ti Iléṣà di olórí ogun wọn, Ààrẹ Látòósà sì kó ogun Ìbàdàn wá pàdé wọn. (Ìró ìbọn ni wọ́n fi sọ ogun náà ní Kírìjí, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń wá àpẹẹrẹ ọ̀rọ̀ afarawé-ìró, ẹ fi èyí kún un.) Ibùdó ogun ni Látòósà kú sí ní 1885, ogun kò sì tán.

Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kò bẹ̀bẹ̀. Ní 1881, Aláàfin Adéyẹmí Kìíní kọ̀wé sí ìjọba Èkó pé kí wọ́n bá òun dá sí i. Àwọn ońṣẹ́ lọ, wọ́n bọ̀, pàbó ló ń já sí. Àwọn tí ó wá rí i ṣe ni àwọn àlùfáà ìjọ C.M.S. méjì, Samuel Johnson àti Charles Phillips, tí Gómìnà Moloney rán láti Èkó ní 1886. Ọmọ Yorùbá ni àwọn méjèèjì. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ àdéhùn náà. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, àwọn ọba àti olóyè fi àmì ọwọ́ wọn sí i, títí kan Ọọ̀rẹ̀ ti Ọ̀tùn, Ajerò ti Ìjerò àti Ọlọ́jùdó ti Ìdó tí kò jìnnà sí wa ní Ayégbajú. Èkìtì gba òmìnira, ṣùgbọ́n Ọ̀tan, Ìrèsì, Àdá àti Ìgbájọ wà lábẹ́ Ìbàdàn. Ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ni wọ́n kéde àlàáfíà. Síbẹ̀, ó di 1893, nígbà tí Gómìnà Carter dé, kí àwọn ọmọ ogun tó padà sílé pátápátá.

Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n kò sí ibi kan nínú àdéhùn náà tí a ti ní kí ẹnikẹ́ni wá jíhìn. Ní ti Modákẹ́kẹ́, ohun tí wọ́n kọ ni pé kí wọ́n ṣí lọ sí ilẹ̀ tí ó wà láàárín odò Ọ̀ṣun àti Ọbà. Wọn kò gbọ́ ẹjọ́ Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ dé gbòǹgbò; ibùgbé nìkan ni wọ́n ní kí wọ́n pààrọ̀. Ní 1909 ni a tó tú ìlú náà ká, wọ́n sì padà wá ní àwọn ọdún 1920. Ẹ̀yin náà mọ 1981, 1997 àti 2000.

Ẹnìkan yóò sọ pé bí Johnson àti Phillips bá ti bèèrè ìjíhìn, kò sí ẹni tí yóò fọwọ́ sí ìwé. Mo gbà. Ìbọn ṣì ń dún nígbà náà. Johnson fúnra rẹ̀ sì ṣe ohun tí àdéhùn kò ṣe: nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó parí ní 1897, tí a tẹ̀ jáde ní 1921, ó kọ nípa ìnilára àwọn ajẹ́lẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ Ọ̀yọ́ ni òun náà.

Àwa ńkọ́? Jẹ́ àti ìhìn ló di jíhìn, gẹ́gẹ́ bí jẹ́ àti iṣẹ́ ṣe di jíṣẹ́. Ẹni tí a rán níṣẹ́ ni ó ń jíhìn, ẹni tí ó rán an ni ó sì ń jíhìn fún. Nítorí náà, kì í ṣe Ìbàdàn nìkan ni ọ̀rọ̀ náà bá wí. Kí Kírìjí tó bẹ̀rẹ̀, Ògèdèǹgbé tí à ń yìn yìí ti kó ogun ja àwọn ìlú kan ní Èkìtì àti Àkókó, ó sì kó wọn lẹ́rú. Nígbà tí mo sọ èyí nínú kíláàsì, akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí bóyá ọmọ Ìbàdàn ni ìyá mi.

Ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìdó àti Ayégbajú, àwọn àgbà ṣì wà tí wọ́n lè sọ ẹni tí a kó lẹ́rú nínú ìdílé wọn. Bí ẹ bá lọ gba ohùn wọn sílẹ̀ fún iṣẹ́ ìwádìí yín, ẹ bi wọ́n pẹ̀lú, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bóyá ẹrú wà nínú agbo ilé wọn nígbà náà, àti ìlú tí wọ́n ti mú un wá.