Àṣẹ Dìgírì Nìkan Kò Tó

Inú wa dùn nígbà tí òfin ọdún 2023 fún àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni ti ìjọba àpapọ̀, irú èyí tí ó wà ní Òṣíẹ̀lẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ní àṣẹ láti máa fúnni ní oyè dìgírì tiwọn pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí NCE. Tẹ́lẹ̀ rí, kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ó bá fẹ́ kọ́ni dé dìgírì ní láti fara mọ́ yunifásítì kan, gẹ́gẹ́ bí kọ́lẹ́ẹ̀jì Adéyẹmí ní Oǹdó ti fara mọ́ Ifẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí òun náà tó di yunifásítì. Ọmọ àgbẹ̀ tí kò rí àyè ní Ìbàdàn yóò wá lè gba oyè nítòsí ilé. Ohun rere ni.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò sanwó rẹ̀? Àwọn tí ń pàtẹ́wọ́ kò fẹ́ kí a bèèrè. Dìgírì ń fẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé tí yóò kọ́ni, ó ń fẹ́ ìwé, ó ń fẹ́ irinṣẹ́ sáyẹ́ǹsì ju ti NCE lọ. Òfin ọdún 2011 tí ó dá àpò TETFund sílẹ̀ fi ìpín méjì fún yunifásítì, ìpín kan fún politẹ́kíníìkì, ìpín kan fún kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni. A wá di ẹrù yunifásítì lé kọ́lẹ́ẹ̀jì lórí, a sì ń bu oúnjẹ kọ́lẹ́ẹ̀jì fún un! Àpò náà kì í sì í san owó oṣù. Bí bájẹ́ẹ̀tì ìjọba kò bá san án, nínú owó kòkó bàbá ọmọ ni yóò ti jáde.

Wọ́n ní ẹ̀yáwó wà fún akẹ́kọ̀ọ́ láti ọdún 2024. Gbèsè ni ẹ̀yáwó, olùkọ́ tí ìjọba ń wá kiri kò sì yẹ kí ó fi gbèsè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹ wo bí a ti ṣe é nígbà kan ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Ní ọdún 1952 ni Awókọ̀yà gbé àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kalẹ̀. Ìjọba Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ kò fi ẹnu lásán ṣe é: wọ́n bu owó orí ṣílè mẹ́wàá àti sísì lé àwọn ènìyàn fún ẹ̀kọ́ àti ìlera, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn olùkọ́ sílẹ̀ de àwọn ọmọ. Owó orí náà bí ará ìlú nínú gidigidi, ó sì wà lára ohun tí ó mú kí ẹgbẹ́ náà pàdánù ìbò àpapọ̀ ọdún 1954 ní ẹkùn tirẹ̀. Wọn kò yí padà. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955 ni àwọn ọmọ wọlé. Iye wọn fò láti nǹkan bí 457,000 sí ohun tí ó lé ní 811,000. Àwọn àgbà wa mọ ibi tí owó náà ti wá, nítorí àwọn ni wọ́n san án.

A ń fẹ́ kí a tún ìpín inú òfin ọdún 2011 ṣe, kí kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ń fúnni ní dìgírì gba ju ìpín kan lọ. A sì ń fẹ́ kí owó oṣù àwọn olùkọ́ tí yóò kọ́ni ní dìgírì hàn gbangba nínú bájẹ́ẹ̀tì. Bí aṣojú yín láti Àbújá bá wá sí ìpàdé wọ́ọ̀dù, ẹ bi í léèrè iye tí ó dìbò fún nítorí èyí, kí akọ̀wé sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀.