Ìmòye ní Ọdún Ọ̀pọ̀

Bí ebi bá ń pa ènìyàn tí ó sì ń jẹun níwọ̀nba, a kò lè tìtorí èyí pè é ní amòye. Àìní ni ó dá a lẹ́kun. Ìgbà tí àká kún, tí àlejò ń wọlé, tí àwọn onílù sì ti mọ oríkì ẹni, ni a tó ń mọ ẹni tí ó ní ìmòye. Èyí ni èrò tèmi, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni yóò gbà á, nítorí àwọn mìíràn a máa ka ìmòye sí ahun, àwọn mìíràn a sì kà á sí ojo.

Ẹ jẹ́ kí a wo àgbẹ̀ olóko kòkó ní ilẹ̀ Yorùbá. Kò ní agbára lórí òjò, bẹ́ẹ̀ ni kò ní agbára lórí iye owó kòkó, tí àwọn oníṣòwò ń dá sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù àti New York. Ṣùgbọ́n ní ọdún tí ohun gbogbo bá ṣe déédéé, owó ńlá a wọlé láàrin oṣù mélòó kan. Nígbà náà ni ìdánwò dé. Ará ilé ń retí aṣọ. Ẹbí rántí òkú bàbá tí a kò tíì ṣe, wọ́n sì ní ojú yóò ti àwọn bí a kò bá pa màlúù.

Bí owó bá tán kí ìnáwó tó parí, bàbá lè fi oko dógò. Ẹ kíyè sí bí ọ̀rọ̀ dógò ti rí. Ẹni tí ó yá a lówó ni yóò máa kórè kòkó náà lọ́dọọdún, síbẹ̀ gbogbo èyí tí ó bá ká kò dín ojú owó kù. Àfi ọjọ́ tí olóko bá san gbogbo iye tí ó gbà ni oko tó lè padà sí ọwọ́ rẹ̀. Olówó ń tà, olóko ń wòran. Àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, ni àwọn baba wa wí. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ dógò, ọmọ rẹ̀ ni ó máa ń bá a ru ú.

Àwọn kan ní kí ìjọba máa bá àgbẹ̀ ṣọ́ owó rẹ̀. A ti dán èyí wò. Ní ọdún 1947 ni a dá ẹgbẹ́ tí ń bójú tó títa kòkó sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ète rẹ̀ dára: bí kòkó bá gbówó lórí, ẹgbẹ́ yóò dá apá kan dúró, kí a lè fi ran àgbẹ̀ lọ́wọ́ bí ọjà bá kú. Láti ọdún 1954, tí owó náà bọ́ sí ìkáwọ́ àwọn ìjọba agbègbè, púpọ̀ nínú rẹ̀ bá ohun mìíràn lọ. Díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n fi ṣe dára. N kò sẹ́. Síbẹ̀ nígbà tí iye kòkó já wálẹ̀ ní ọdún 1965, owó ọwọ́ àgbẹ̀ bá a wálẹ̀. Ní ọdún 1968 àti 1969, tí owó orí tún wọ̀ wọ́n lọ́rùn, wọ́n dìde nínú ìjà tí a ń pè ní Àgbẹ̀kọ̀yà. Ó yẹ kí ìmòye ẹni tí ń ṣọ́ ohun ẹlòmíràn ju ti ẹni tí ń ṣọ́ tirẹ̀ lọ, nítorí bí ó bá ṣòfò, kì í ṣe òun ni ebi yóò pa.

A tú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ká ní ọdún 1986. Láti ìgbà náà, ọwọ́ àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ní ọdún 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan ju 10,000 dọ́là lọ ní ọjà àgbáyé. Kí ọdún 2025 tó parí, ó ti wálẹ̀ tó bí ìdajì. Ta ni ó fi nǹkan pamọ́ nínú owó ọdún kìíní?

Ní ti àwọn tí ń ka ìmòye sí ojo, kí wọ́n lọ wo oko tuntun. Ojo kò ní gbin kòkó rárá, nítorí yóò tó bí ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún kí ó tó so dáadáa. Amòye gbìn ín, ṣùgbọ́n ó fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò sí àárín rẹ̀. Wọ́n ń ṣíji bo kòkó kékeré lọ́wọ́ oòrùn, ilé rẹ̀ sì ń rí jẹ nínú wọn, nígbà tí kòkó kò tíì yọ òdòdó kan.