A Lọ Wo Odi Kano

   

Ọ̀rọ̀ tiwa lẹ́ẹ̀kan yìí dá lórí ògiri. Láti ìgbà tí reluwé ti dé Kano ní 1911 ni àwọn baba wa ti ń rọ́ wá sí Sabon Gari, lẹ́yìn odi ìlú. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni wọ́n bí síbí. Ṣùgbọ́n nígbà tí a béèrè ní ìpàdé pé ta ni ó ti wọ Gidan Makama rí, ọwọ́ mẹ́ta péré ni ó gòkè, ẹnì kan nínú àwọn mẹ́ta náà sì jẹ́wọ́ pé òjò ni òun sá fún tí òun fi wọ ibẹ̀! Ìtìjú yìí ni ó jẹ́ kí a kó àwọn ọmọ wa sínú bọ́ọ̀sì méjì ní ọjọ́ Sátidé, a kọrí sí ìlú àtijọ́.

Gidan Makama ni a kọ́kọ́ wọ̀, ilé amọ̀ àtijọ́ tí wọ́n ń kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé pamọ́ sí. Oòrùn ń jó ní ìta, ṣùgbọ́n bí a ti wọlé ni ara tu olúkúlùkù, nítorí ògiri rẹ̀ nípọn. Ẹni tí ó mú wa kiri sọ bí wọ́n ti ń mọ ọ́n. Amọ̀ tí a fọwọ́ mọ ṣóńṣó, tí a sá sóòrùn títí ó fi gan, ni wọ́n ń pè ní tubali. Azara ni wọ́n fi gbé òrùlé ró, igi kan tí ó jọ ọ̀pẹ, tí ikán kì í fẹ́ jẹ. Àwọn bíríkìlà tí ó wà láàrin wa wo òkè àjà náà títí, agbára káká ni a fi fà wọ́n jáde.

Ọ̀ọ́kán ibẹ̀ ni ààfin wà, Gidan Rumfa. Ọba Muhammadu Rumfa, tí ó jẹ láti 1463 sí 1499, ni ó kọ́ ọ, ibẹ̀ náà sì ni ààfin Kano títí di òní. A kò wọlé o. A kì í ya ilé ọba bí ẹni ya ọjà. A dúró sí Kofar Kudu, a wo ògiri gàgàrà tí ó yí ọgbà náà ká, ọgbà tí ó tó eékà 33. Rumfa yìí kan náà ni ó dá ọjà Kurmi sílẹ̀. Ìwé ìtàn àwọn ọba Kano sọ pé ní ayé rẹ̀ ni kàkàkí bẹ̀rẹ̀ sí í dún fún ọba níbẹ̀. Bí a ti sọ bẹ́ẹ̀ tán, ọmọkùnrin kan ká ọwọ́ méjèèjì mọ́ ẹnu, ó fun kàkàkí tirẹ̀. Dogari tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà bú sẹ́rìn-ín.

Láti ibẹ̀ ni a lọ wo odi fúnra rẹ̀, níbẹ̀ ni inú wa ti bàjẹ́. Ọba Gijimasu, tí ó jẹ láti 1095 sí 1134, ni ìtàn sọ pé ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwọn mìíràn ń mọ ọ́n lọ, Rumfa sì fẹ̀ ẹ́ sí i. Ó lé ní 20 kìlómítà yí ìlú ká. Nígbà tí òyìnbó Heinrich Barth dé Kano ní 1851, ó rí i pé oko ni ó gba ibi púpọ̀ nínú odi, tí ó fi jẹ́ pé ọ̀tá tí ó bá dó tì wọ́n kò lè tètè fi ebi pa wọ́n. Ìran tiwa náà jẹ àǹfààní rẹ̀, nítorí inú odi ni àdúgbò Ayagi wà, tí àwọn oníṣòwò Yorùbá tẹ̀dó sí tipẹ́tipẹ́ kí Sabon Gari tó wà. Ní oṣù kejì ọdún 1903 ni àgbá àwọn Gẹ̀ẹ́sì la ọ̀nà wọ ibẹ̀.

Kí ni ó wá kù? Ní ibi púpọ̀, òkìtì lásán ni, ewúrẹ́ ń gùn ún. Ilé àti ṣọ́ọ̀bù ti jókòó lé apá kan. Ní ibì kan a rí ihò tí ṣọ́bìrì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́, ipa táyà ọmọlanke sì wà nílẹ̀. Ẹni tí ó mú wa kiri ní wọ́n ń gbẹ́ amọ̀ rẹ̀ tà fún àwọn tí ń kọ́lé.

Ẹ̀yin ará, ẹnu wa wọhò. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, nígbà tí àwa tí à ń kọ èyí ń kún ilẹ̀ ilé wa, a ra amọ̀ ọmọlanke mẹ́fà ní owó pọ́ọ́kú, a kò béèrè ibi tí ó ti wá. Inú wa tilẹ̀ dùn pé a rí ọjà rà. Nísinsìnyí a kò lè búra pé kì í ṣe odi ọba ni a ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú pálọ̀ wa.

Ìyá àgbà kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, ní kí a má dá ara wa lẹ́bi jù. Pé Ẹrẹdò Súngbọ́ nílé tiwọn, tí ó gùn tó 160 kìlómítà, igbó ni ó bò ó. A dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tù wá nínú.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ra amọ̀ lọ́dún yìí, kí ó jọ̀wọ́ kọ́kọ́ bi ọlọ́mọlanke pé níbo ni ó ti gbẹ́ ẹ. Ìgbìmọ̀ sì ti gbà pé a óò tún lọ lẹ́yìn ọdún Iléyá. Ẹ fi orúkọ àwọn ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé kí ìpàdé tí ń bọ̀ tó dé. Ẹ mú fìlà àti omi dání, kí àwọn obìnrin mú ìborùn. Òùngbẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá lọ́jọ́ náà.